Mótò iná, pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì: èwo ló lè yí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yín?

Láti Kàbà dé Ìsánlú, ẹni tó bá fẹ́ dá ilé gàrí sílẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè iye owó ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi owó sílẹ̀ ná. Ẹ wá iye agbára tí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ń jẹ nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá kún inú rẹ̀.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi mótò iná onífésì mẹ́ta yí irú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Kí oníṣẹ́ iná mú mítà tó ń lanu bí ẹ̀mú, kó fi há wáyà kan ṣoṣo nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ká ní ó ka áńpíà 6. Ẹ fi 1.73 (ti fésì mẹ́ta), fóòltì 415, áńpíà 6 àti 0.8 (nítorí pé kì í ṣe gbogbo iná tó ń wọ mótò ló ń ṣiṣẹ́) lọ́po ara wọn: 1.73 × 415 × 6 × 0.8, ó jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 3,450. Ohun tí mótò ń jẹ nìyẹn o. Tí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún bá dé orí ọ̀pá tí mótò ń yí, ó kù bíi 2,930. Wáàtì 746 ni hp kan (agbára ẹṣin kan), nítorí náà hp 3.9 ni. Mótò hp 4 á há jù, 5.5 ni kẹ́ ẹ rà.

Àmọ́ hp 5.5 ti mótò kì í ṣe ẹgbẹ́ hp 5.5 ti ẹ́ńjìnnì, ibi tí àwọn tó ń tà kì í fẹ́ dé nìyẹn. Hp ara mótò ni èyí tó lè máa gbé láti àárọ̀ dalẹ́, tí èèpo tàbí igi bá sì há, ó tún lè tiraka kọjá a fún ìgbà díẹ̀. Ti pẹtiróòlù ni òpin agbára rẹ̀, nígbà tó bá ń yí 3,600 ní ìṣẹ́jú kan. Hp 6.5 ni wọ́n ń pe Honda GX200, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, tẹ́lẹ̀, 5.5 ni Honda fúnra rẹ̀ ń kọ báyìí, ẹ́ńjìnnì kan náà! Tó bá jẹ́ pẹtiróòlù, èmi máa ń sọ hp tí ẹ̀rọ ń jẹ di ìlọ́po kan àtààbọ̀: 3.9 á di bíi 6, ẹ wá ra 8.

Dísẹ́ẹ̀lì kì í sáré, ó ń fi agbára fà. Lister 6/1, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ń yọ hp 6 nígbà tó bá ń yí 650 péré ní ìṣẹ́jú kan, wíìlì ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń gbé e kọjá ibi tí ẹ̀gẹ́ bá ti ki. Ó wúwo, ó ń pariwo, ó sì fẹ́ púlì ńlá, kí eré rẹ̀ tó dé ti ẹ̀rọ.

Àwọn kan fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n fi gbé mótò. Mi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀. Mótò máa ń fa iná bíi ìlọ́po márùn-ún sí méje nígbà tó bá ń gbéra, jẹnẹrétọ̀ tó máa gbà á á wọ́n ju dísẹ́ẹ̀lì lọ.

Tí fésì mẹ́ta bá dé àdúgbò yín, tí iná sì ń dúró, ẹ ra mótò. Lọ́nà oko, dísẹ́ẹ̀lì. Pẹtiróòlù wà fún ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ kiri.

Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ bíbó dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa rà á. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń rẹlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rọ ọ́ sí i, tí kò sì tètè padà sókè, ó kéré; ẹ má sanwó.