Sáà mẹ́ta pẹ̀lú áàpù tí a fi ń tọ́jú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ wa

Olùkọ́ 34 ni wá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa n'Íbàdàn, èmi igbákejì ọ̀gá ni ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn sì wà lọ́wọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, inú fáìlì kan ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀: ìwé-ẹ̀rí sẹminá, lẹ́tà ìkésíni, rìsíìtì owó ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tún láísẹ́ǹsì rẹ̀ gbà lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, èmi ni mo máa ń tú fáìlì náà wò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìyẹn ti dópin. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ya fọ́tò ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sínú áàpù, èmi á yẹ̀ ẹ́ wò, màá sì fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé bí olùkọ́ bá ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dé, áàpù náà á ní kó yan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí yóò wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, kó sì kọ ohun tó rí. Màmá kan tó ń kọ́ JSS 2 ní ìṣirò lọ kọ́ bí a ṣe ń fún ọmọ láyè ronú kó tó dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ni wọ́n yàn. Ó kọ ọ́ pé: "Ìbéèrè 11 ni wọ́n béèrè. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dáhùn 9." Àyà mi já. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí sáà kejì fi máa parí, ìbéèrè méjì péré ni wọ́n ń gbà dáhùn mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu. Òfin ọdún 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọmọ ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ṣì máa pẹ́ pẹ̀lú wa. Ó yẹ kí a fún wọn ní ju ìwé-ẹ̀rí lọ.

Àtẹ kan wà tó ń to olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tí oníkálukú kó jọ. Mo ní kí wọ́n pa á. Ẹnì kan ti ń tan fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, tó sì ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lọ, nítorí kó lè ṣe ipò kìíní. Láìsí dátà, áàpù náà kì í ṣí rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ò tó mẹ́wàá kò nílò láti san owó áàpù yìí. Ìwé àjákọ kan tó wọn, bí wọ́n bá ṣáà ń wọ kíláàsì ara wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé bí a bá tẹ ìwé jáde láti inú áàpù náà, àpótí òfìfo ló ń dípò ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́. Olùkọ́ Yorùbá wa ní òun ò gba ìwé tí wọ́n ti ba orúkọ òun jẹ́, ó sì jàre. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni áàpù náà. Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀, mo sì tún so ẹ̀dà ìwé náà mọ́ rìsíìtì tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ti olùkọ́ wa, bírò ni mo fi kọ orúkọ rẹ̀ sí i, tàmì-tàmì, kó tó gbà á lọ́wọ́ mi.