Igi àkòkò, fúrúùtù àbí másíkúréèdì: èwo lẹ fẹ́ gbìn sínú kọ́ńpáùǹdù yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, ẹ dúró ná. Bó ṣe máa ga tó àti bó ṣe máa rẹwà tó, wọ́n á sọ fún yín níbẹ̀. Ti gbòǹgbò ni wọn ò ní sọ.

Ilé tí mò ń gbé ní Ṣúrùlérè, igi fúrúùtù (èyí táwọn kan ń pè ní álímọ́ńdì) ló wà níwájú ẹ̀, kò sì jìn sí páìpù sókàwéè. Ibòòji ẹ̀ dáa o, mi ò ní parọ́, abẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń páàkì mọ́tò sí. Àfìgbà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà, a da omi gbígbóná, a da kẹ́míkà, kò lọ, ìgbà tí plọ́ńbà gbẹ́lẹ̀ tó gé páìpù la rí gbòǹgbò tín-ín-rín tó gba oríkèé páìpù wọlé, tó ti hun pọ̀ bí ìdì irun, ó ń fà á, kò tán. Owó plọ́ńbà lọ́tọ̀, ti bíríkìlà lọ́tọ̀, íńtálọ́ọ̀kì tó ti wú sókè ńkọ́? Ewé ẹ̀ náà, tó bá ti pọ́n báyìí, jíjá ló kù, tó bá wá dí gọ́tà aládùúgbò, ẹ máa jọ sọ ọ́. Ẹ má sì rò pé ẹ kàn lè pe ẹni tó máa gé e lulẹ̀ o, l'Ékòó, ẹ máa kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó igi àti ọgbà.

Másíkúréèdì ní tiẹ̀, apá Íńdíà ló ti wá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò gbàyè, kò ní ibòòji gidi. Àdán fẹ́ràn èso ẹ̀, ẹni tó kun fẹ́ǹsì ẹ̀ ní funfun á mọ ohun tí mò ń wí.

Àkòkò ni tiwa-n-tiwa. Ẹ gé ẹ̀ka tó gbó, ẹ kì í bọlẹ̀ lásìkò òjò, ó máa hù. Tèmi wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì lẹ́yìnkùlé, búlọ́ọ̀kù kan ò tíì là, òdòdó ẹ̀ sì rẹwà. Ibòòji ẹ̀ ò tó ti fúrúùtù ṣá, àwọn kan á ní igi òrìṣà lẹ gbìn, àwọn tó fẹ́ joyè nílùú wọn á sì máa wá kan géètì torí ewé (èmi ò bínú, wọ́n máa ń mú mínírà wá).

Tílẹ̀ yín bá fẹ̀, tó sún mọ́ òkun, bí apá Àjáh, fúrúùtù ò burú, iyọ̀ òkun ò dí i lọ́wọ́, ẹ ṣáà gbé e jìnnà sílé. Ẹni tó fẹ́ ṣe fáàrí níwájú géètì, kó gbé másíkúréèdì. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ hááfù plọ́ọ̀tì ló ní, tí sókàwéè ń wo ojú fẹ́ǹsì, kó lọ bá ẹni tó ní àkòkò kó gé ẹ̀ka kan fún un, kò ní gbowó.