Zulip, áàpù tí ẹgbẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fún àwa tí a ń ya máàpù Èkìtì: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún kan

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló yọ ilé ìlera kan kúrò lórí máàpù wa: "Ó ti wó."

Àwa mọ́kàndínlógún la ń ya ọ̀nà, odò àti ọjà Èkìtì sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń yà pọ̀ láti ọdún 2004. A tún ní áàpù kékeré tí a fi ń yẹ orúkọ ìlú wò, tí a ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, ọ̀kan ń ránṣọ ní Òkèṣà nílùú Adó, bàbá kan ní Ìkẹ́rẹ́ sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sọfeyọ̀.

Inú gúrúùpù kan ṣoṣo la ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ nígbà yẹn, lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan béèrè nípa afárá kékeré kan lọ́nà Ìjerò. Ẹlòmíràn béèrè bóyá ilé ìlera kan ṣì wà níbi tí a yà á sí. Láàárín méjèèjì, à ń kí ìyá ìbejì kan kú ewu ọmọ. Nígbà tí ìdáhùn afárá máa fi wọlé, abẹ́ ìbéèrè ilé ìlera ló bọ́ sí. Arákùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá pa ilé ìlera rẹ́. Afárá ló wó! Ilé ìlera wà níbẹ̀ digbí, wọ́n ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí a tó mọ̀. Bí ẹnì kan bá ń wá ibi tó máa gbé aláboyún lọ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn. IRC, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti wà láti ọdún 1988, kì í jẹ dátà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nígbà tí o ò sí níbẹ̀ ti kọjá rẹ nìyẹn, àfi bí o bá ní ohun tó ń bá ọ gbà á sílẹ̀. Ní Èkìtì tí iná lè lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ gbà mí. Slack, áàpù tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń sọ̀rọ̀, wù mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 90 ọjọ́ péré ni ẹni tí kò sanwó lè rí. Matrix ni mo fẹ́ràn jù lọ́kàn, torí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní sáfà tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ wọn), kí gbogbo wọn sì jọ máa sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí èèyàn ní láti tọ́jú, kó lè fi ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti pa mọ́, ni mo rò pé yóò ni bàbá wa ní Ìkẹ́rẹ́ lára.

Zulip bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ Dropbox rà á ní 2014, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní 2015. Ohun tó mú mi yàn án ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní àkòrí tirẹ̀. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé lálẹ́ Sátidé, mo máa rí "Afárá Ìjerò", ọ̀rọ̀ mẹ́fà. "Orúkọ adúgbò ní Òkèyínmi", ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógún. Èyí tó kàn mí ni mo máa kà. Bí ìdáhùn bá ṣìnà, a lè gbé e lọ sábẹ́ àkòrí tó ni ín. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, a ó fi àmì ✔ sí i.

Bàbá ò fẹ́ áàpù tuntun rárá. Bí a bá ti dárúkọ wọn, ímeèlì ló ń lọ bá wọn. Wọ́n á fèsì látinú ímeèlì náà, èsì á sì balẹ̀ sábẹ́ àkòrí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá wa lóhùn nípa orúkọ adúgbò kan nìyẹn: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ulé là ń pè é níbí. Ẹ má sọ ọ́ di ilé." Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe kọ ọ́.

Kò rọrùn fún gbogbo èèyàn níbẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tí WhatsApp ti mọ́ lára á fẹ́ kàn sọ̀rọ̀ ni, kò ní fẹ́ ronú àkòrí kankan. Ó tó oṣù kan tí mo fi ń bá àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ wọn síbi tó yẹ, mo sì ń ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù. A ò pa WhatsApp tì: ibẹ̀ la ti ń kíra, ibẹ̀ la ti ń dáwó ìnáwó. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan la kó kúrò níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lè bẹ àwọn tó ni Zulip kí wọ́n gbà á láàyè lórí sáfà tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ lè gbé e sórí sáfà tiyín.

Àkòrí àkọ́kọ́ tí a ṣí ni ti ilé ìlera yẹn. Ọmọbìnrin kan láti Òmùò tó dara pọ̀ mọ́ wa lóṣù tó kọjá kà á láti òkè délẹ̀, kò bi wá ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì ni mo rí àkòrí tuntun tó ṣí: "Ilé ìlera Òmùò: èwo ló ṣì ń ṣiṣẹ́?"