Calendly tàbí Google Calendar: èwo lẹ máa gbé lé àwọn kóòṣì yín lọ́wọ́?

Kóòṣì mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ ní jíìmù mi ní Ìbàdàn. A ti lo áàpù méjèèjì yìí láti fi ṣètò àkókò táwọn oníbàárà máa wá, ṣùgbọ́n áàpù kẹta tá a kọ́kọ́ rà, tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ló kọ́ mi ní ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú: ta ló láṣẹ láti ti àyè pa, kí oníbàárà má lè mú aago yẹn mọ́?

Wọ́n ní torí àwọn jíìmù ni wọ́n ṣe ṣe é, a sì san owó ọdún kan gbáko. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n sáré gbé ìyá ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì mi lọ sílé ìwòsàn. Orí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ ló jókòó sí tó ń tẹ fóònù, kó lè ti àyè aago mẹ́fà àárọ̀ pa. Bọ́tìnì ò dáhùn. Èmi nìkan ni wọ́n fún láṣẹ, mo sì ti sùn, fóònù mi ń gba iná ní pálọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé jíìmù ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, oníbàárà méjì ti dúró lẹ́nu géètì, aṣọ ìnura lọ́rùn. Ọ̀kan ti sanwó ìgbà 12 sílẹ̀. Ó gba owó mẹ́sàn-án tó kù, kò sì padà wá mọ́. Kóòṣì yẹn wá ń bẹ̀ mí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní ti Google Calendar, kóòṣì ló ni kàlẹ́ńdà rẹ̀. Òun ló máa pinnu bóyá ìgbà tọ́wọ́ rẹ̀ dí nìkan ni màá rí, tàbí gbogbo ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rán oníbàárà létí lórí WhatsApp, ó sì máa ń sú èèyàn.

Calendly, tí Tope Awotona, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, dá sílẹ̀ lọ́dún 2013, máa ń wo Google Calendar kóòṣì náà. Tó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ òun dí, àyè yẹn á kúrò níwájú oníbàárà, láìpe ọ̀gá kankan. Ó lè fi ìṣẹ́jú 15 sáàárín oníbàárà kan sí èkejì, ó sì lè ní kẹ́nikẹ́ni má mú àyè tí kò bá ku tó wákàtí 12 mọ́. Àwọn oníbàárà wa ní London ń rí aago tiwọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń yí i ní March àti October.

Owó ńkọ́? Dọ́là ni, orí kóòṣì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kà á. Oríṣi ìpàdé kan péré ni ti ọ̀fẹ́ gbà.

Tó bá jẹ́ kóòṣì kan tàbí méjì, tí oníbàárà yín ò sì yí padà, Google tó. Tí àjèjì bá ń mú àyè lóru, mi ò ní fi Calendly sílẹ̀.

Èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín, ẹ má gba àkáǹtì ọ̀gá tí wọ́n máa fi hàn yín. Ẹ gba ti kóòṣì, lórí fóònù kékeré, kẹ́ ẹ ti aago mẹ́fà ọ̀la pa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù mìíràn ṣí líǹkì oníbàárà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àyè náà ṣì wà níbẹ̀.