Ìdì àyẹ̀wò họ́mónù fún ẹni tó ń wá ọmọ n'Ílọrin: 2 nínú 5

Ọjà tí a fẹ́ yẹ̀ wò rèé: ìdì àyẹ̀wò họ́mónù tí àwọn lábù ń tà káàkiri Ìlọrin, láti Táíwò dé Tánkẹ̀, fún obìnrin tí kò tètè lóyún. FSH, LH, estradiol, progesterone, prolactin àti testosterone, àwọn họ́mónù tó kan ẹyin, nǹkan oṣù àti omi ọyàn, ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Àwọn mìíràn á fi TSH (àyẹ̀wò thyroid) kún un. Ẹ ó sanwó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni àléébù ẹ̀.

Họ́mónù obìnrin kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ 2 sí 5 nǹkan oṣù ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ fún FSH, LH àti estradiol. Ọjọ́ 1 ni ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ya dáadáa, kì í ṣe ọjọ́ tó kàn kán tótó sára pátá. Ti progesterone yàtọ̀: ó di nǹkan bí ọjọ́ 7 kí nǹkan oṣù tó kàn tó dé, torí ẹyin tó ti jáde ló ń mú un gòkè. Ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń yí po ní ọjọ́ 28 á lọ ní ọjọ́ 21. Ọlọ́jọ́ 35 á lọ ní ọjọ́ 28. Ọlọ́jọ́ 24, ọjọ́ 17. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí sírínjì kan lè bá FSH àti progesterone nílé pọ̀. Bí wọ́n bá fa gbogbo ẹ̀ ní ọjọ́ 3, progesterone á wà nílẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n "low" ni ẹ̀rọ á tẹ̀ síwájú ẹ̀, obìnrin á fòyà, wọ́n á sì ta oògùn fún un ní kẹ́míìsì fún àìsàn tí kò ṣe é.

Prolactin náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Àárọ̀ ló dára, lẹ́yìn wákàtí 2 tàbí 3 tí ènìyàn ti jí. Ìdààmú ń gbé e sókè. Ẹni tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò Àjàṣẹ́ tó sì sáré wọlé, kó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ná. Metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì àti methyldopa tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbé e sókè pẹ̀lú. Bó bá ga díẹ̀, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gba bromocriptine, oògùn tó ń mú prolactin wálẹ̀, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oògùn irun àti èékánná tí biotin wà nínú ẹ̀ náà lè dojú rísọ́ọ̀tì họ́mónù rú. Ẹ sọ fún wọn ní lábù bí ẹ bá ń lò ó.

Ohun tó mú wa yọ máàkì jù ni pé kò sí ọkọ nínú ìdì yìí. Nínú tọkọtaya 10 tí ọmọ ń pẹ́ fún, ó máa ń tó 4 tàbí 5 tí ọ̀ràn ọkọ wà níbẹ̀, òun nìkan tàbí pẹ̀lú ti ìyàwó. Síbẹ̀ àyẹ̀wò àtọ̀ kò wọ́n tó ìdì họ́mónù, kò sì gba abẹ́rẹ́ kankan. Òun ló yẹ kó ṣíwájú. Kí ọkọ má da àtọ̀ fún ọjọ́ 2, kó má sì ju 7 lọ. Kó gbà á tán sínú ike tí lábù fún un. Ìṣàn àkọ́kọ́ ni irúgbìn (sperm) pọ̀ sí jù, bó bá dà nù, kó sọ, kí wọ́n má ka ìyókù. Itọ́ àti ọṣẹ ń pa irúgbìn, kọ́ńdọ́ọ̀mù kẹ́míìsì náà ń pa á. Ẹni tí ẹ̀sìn kò jẹ́ kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é lè béèrè kọ́ńdọ́ọ̀mù àyẹ̀wò tí kò ní oògùn lára, kó lò ó pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀. Ní Ràmàdáánì, ẹ kúkú sún un sí ẹ̀yìn Ìtúnu.

Láàárín wákàtí 1 ni ike náà gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì lábù, ní ìgbóná ara, nínú àpò aṣọ, kì í ṣe nínú kúlà. Nítorí náà, ẹ má gbé e wá láti Òmù-Àrán. Inú ilé tó sún mọ́ lábù ni kí ẹ ti ṣe é. Òdiwọ̀n WHO ti 2021 ni kí ẹ fi wò ó: 1.4 mílílítà sókè, irúgbìn mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń rìn, ìdá 4 tó rí bó ṣe yẹ. Bí kò bá tó, kò tíì tán nìyẹn: irúgbìn ń gba nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ láti dàgbà, ibà líle kan lè bà á jẹ́, torí náà wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3. Abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn ọkùnrin ń gbà kí ara wọn lè le, ìparun irúgbìn ni.

Ìdì yìí ò sì lè rí túùbù, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Kòkòrò tó ba túùbù jẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, oyún ṣíṣẹ́ tàbí àtọ̀sí wà lára ohun tó ń dènà ọmọ jù nílẹ̀ yìí, HSG ló sì ń fi túùbù tó dí hàn: àwòrán X-ray ilé ọmọ àti túùbù, ní ọjọ́ 7 sí 10 nǹkan oṣù, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dá, tí kò tíì sí ìbálòpọ̀ látìgbà náà. Ó ń dunni. Ibuprofen ní wákàtí kan ṣáájú ń ràn án lọ́wọ́, bí kò bá sí ọgbẹ́ inú. Túùbù lè fún pọ̀ nítorí ìrora kó sì dà bí èyí tó dí, ẹ má tìtorí fíìmù kan ṣoṣo sunkún.

Àwọn lábù kan ń fi àyẹ̀wò sítáfú (kòkòrò Staphylococcus) ṣe ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn tó ń náni lówó ni: oṣù mélòó ni abẹ́rẹ́ sítáfú á gbà, nígbà tí chlamydia, kòkòrò ìbálòpọ̀ tó ń ba túùbù jẹ́, kì í hàn nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀?

Dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, lọ́kọ láya. Tí ìyàwó kò bá tíì pé ọdún 35, lẹ́yìn ọdún 1 ìbálòpọ̀ déédéé. Láti 35, oṣù 6. Tó bá ti pé 40 tàbí tí nǹkan oṣù ń ṣe ségesège, ẹ má dúró. Jẹ́nẹ́rà Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọn á sì kọ lẹ́tà sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Ọ̀sẹ́ bó bá yẹ. Ẹ mú ọjọ́ nǹkan oṣù 6 tó kọjá dání, gbogbo rísọ́ọ̀tì, àti orúkọ oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo.

Tí ẹ bá ti ra ìdì náà tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ nǹkan oṣù tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì wo ohun tó tẹ̀lé nọ́ńbà. Progesterone 10 ng/mL àti 32 nmol/L, ọ̀kan náà ni, ẹyin jáde nínú méjèèjì. Lábù kan á tẹ 10, èkejì á tẹ 32, àwọn kan á sì sọ pé oògùn ló ṣiṣẹ́.