Agbọ̀n Igi Ash tàbí Àpótí Èèpo Birch: Èwo ni Kí a Fi Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ọwọ́ Passamaquoddy?

Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Passamaquoddy, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí ilẹ̀ wọn wà létí odò St. Croix níbi tí ìpínlẹ̀ Maine ti bá Kánádà pààlà, sábà máa ń béèrè èwo ni kí òun kọ́kọ́ dì mú nínú agbọ̀n tí a fi igi ash hun àti àpótí tí a fi èèpo igi birch ṣe (igi ilẹ̀ olótùútù ni méjèèjì).

Agbọ̀n ń fẹ́ agbára. A óò fi ẹ̀yìn àáké lu ìtì igi ash títí tí ìpele ọdọọdún inú rẹ̀ yóò fi máa ṣí kúrò lára ara wọn ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, kí a tó là á tẹ́ẹ́rẹ́ fún híhun. Èèpo birch kò gba lílù, sùúrù ló gbà: ooru ni a fi ń dẹ̀ ẹ́, gbòǹgbò igi ni a sì fi ń rán an. Èyí tí a bó nígbà òtútù ní awọ dúdú tí a lè fi ọ̀bẹ há kí àwòrán yọ. Tomah Joseph, oníṣẹ́ ọwọ́ Passamaquoddy (1837–1914), gbajúmọ̀ nídìí èyí, òwìwí sì ni àmì tirẹ̀.

Agbọ̀n ash ń gbé ẹrù wúwo láìfọ́; èèpo birch kì í jomi, òun náà ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Ewu wà níhà méjèèjì. Kòkòrò kan tó wá láti Éṣíà, tí wọ́n rí ní Maine ní 2018, ń pa igi ash. Igi birch sì lè kú bí ọ̀bẹ abóèèpo bá wọlé jù.

Ẹni tí yóò kó ànàmọ́ òyìnbó lóko, agbọ̀n ni kí ó kọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ àwòrán, tàbí tí kò rí ash nítòsí, birch ni tirẹ̀.