Ọ́fíìsì akóẹrù lọ sí Amẹ́ríkà ní Takie: iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáa, ẹnu wọn ni mi ò gbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Àwọn èèyàn ń bi mí nípa ọ́fíìsì tó ń bá wa fi ẹrù ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà lágbègbè Takie yẹn, pé ṣé kí àwọn lọ síbẹ̀ àbí kí àwọn máa gbé ẹrù àwọn lọ sí Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò wá ìjà, ẹni tó bá ti bá wọn ṣe é rí á ti mọ àwọn tí mò ń sọ. Ká má parọ́, wọ́n mọ iṣẹ́. Àmọ́ tí ẹrù yín bá pẹ́, ohun tí wọ́n máa sọ fún yín, ẹ fi etí kan gbọ́ ọ.

Ẹrù mi ò ju èlùbọ́, ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó, ata gígún, ẹja gbígbẹ díẹ̀ àti aṣọ òkè ìsọmọlórúkọ lọ, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Memphis ló ni gbogbo ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwa tí wọ́n bí níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mùkọ, kò sí ìlú òyìnbó tá a lè gbé tí èlùbọ́ ò ní wù wá jẹ. Mo ti di í láti ilé sínú páálí ńlá kan tí mo rà ní Ọjà Jagun. Bí mo ṣe gbé e lé ìwọ̀n báyìí, kílò méjìlá, inú mi ti ń dùn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà wá fa téèpù yọ, irú èyí tí àwọn télọ̀ fi ń wọn èèyàn, ó wọn gígùn, ó wọn fífẹ̀, ó wọn gíga, 60 lọ́nà 40 lọ́nà 40. Ó tẹ kakulétọ̀ ẹ̀, ó yí i sọ́dọ̀ mi: 19.2. Ó ní "Bọ̀dá, kílò mọ́kàndínlógún ó lé lẹ máa sanwó ẹ̀ o." Mo ní kí ló dé? Ó ní ọkọ̀ òfuurufú ò wo bí ẹrù ṣe wúwo nìkan, ó ń wo àyè tó gbà, tẹ́ ẹ bá ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́nà ara wọn ẹ ó pín in sí 5000, èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ìyẹn àti ohun tí ìwọ̀n sọ lẹ máa san. "Afẹ́fẹ́ ló wà lókè páálí yín yìí, ẹ má lọ sanwó afẹ́fẹ́." Ló bá kó gbogbo ẹ̀ jáde, ó tẹ́ aṣọ òkè pẹlẹbẹ sísàlẹ̀, ó fún èlùbọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó wá páálí míì tó jẹ́ 50 lọ́nà 40 lọ́nà 30 láti ẹ̀yìn, kílò méjìlá géérégé ló bọ́ sí. Ta ló ń ṣe irú ẹ̀ fún èèyàn láyé ìsinsìnyí? Ẹlòmíì ì bá gba owó kílò méje tó lé yẹn kó sì tún kí mi pé ẹ ṣé.

Ibi tó ti ń tò ó náà ló ti rí power bank tí ìyàwó mi ki sáàárín aṣọ láìsọ fún mi. Ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, ó ní "Èyí ò lè bá wọn lọ o, sà." Ó wé e sínú náílọ́ọ̀nù, ó dá a padà fún mi. Ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Láti April 2016 ni wọ́n ti ní bátìrì lithium, irú tó wà nínú power bank, tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lóun nìkan ò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ tó ń gbé èrò mọ́, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù nìkan ló lè gbé e, ìyẹn náà pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ àti òfin tiẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i, wọ́n yọ ewu kúrò lọ́rùn èrò, wọ́n fi sílẹ̀ fún páílọ́ọ̀tì kágò. Ní September 2010, ọkọ̀ òfuurufú UPS kan, ilé-iṣẹ́ akóẹrù ti Amẹ́ríkà, gbéra ní Dubai, bátìrì bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹrù ẹ̀, iná sọ, èéfín kún ibi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ débi pé wọn ò rí ohun tó wà níwájú wọn mọ́, páílọ́ọ̀tì méjèèjì ló bá a lọ. Torí náà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ power bank ní Takie, ẹ má bá ọmọ ọlọ́mọ jà.

Wọ́n bá mi kọ ìwé tí àwọn FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ń fẹ́ kí oúnjẹ tó wọlé sọ́dọ̀ wọn, wọn ò gba owó lọ́tọ̀ lórí ìyẹn. Wọ́n fún mi ní risíìtì, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tí màá fi máa wo ibi tí ẹrù dé, pé FedEx, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó ẹrù, ló máa gbé e láti Ìkejà. Owó kíákíá ni mo san.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mò ń yẹ nọ́ńbà yẹn wò lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́, ohun kan náà ló ń sọ ṣáá, pé wọ́n ti ṣe lébẹ́ẹ̀lì, pé FedEx ò tíì rí ẹrù gbà. Ọmọ gba orúkọ tán, aṣọ òkè ò tíì kúrò ní Nàìjíríà. Mo padà lọ bá wọn. Ọ̀gá wọn fúnra ẹ̀ ló jókòó lọ́jọ́ yẹn, ó ní "Ẹ má bínú, Bọ̀dá, àwọn páílọ́ọ̀tì FedEx ló dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń bá ọ̀gá wọn fa ọ̀rọ̀ kọ́ńtírákì, ọkọ̀ ò gbéra." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun àti wọn jọ wà nípàdé ni. Ìyá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tiẹ̀ ti gbà á gbọ́, ó ní háà, bíi ti ASUU.

Ohun tí ọ̀gá yẹn ò mọ̀ ni pé ibi tí FedEx ti ń ya ẹrù lóru ní Memphis gan-an ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Mo pè é níbẹ̀, mo gbé e sí sípíkà. Ó ní "Bọ̀dá mi, strike wo? Iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ yìí, mi ò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀, ọkọ̀ kan ò tíì jáwọ́ kí òmíì tó balẹ̀ mọ́jú òní." Sípíkà ni o. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́, torí irọ́ tí wọ́n bá bu òótọ́ díẹ̀ sí ló máa ń wọlé sí èèyàn lára jù. Òótọ́ ni pé àwọn páílọ́ọ̀tì FedEx bá ilé-iṣẹ́ fa kọ́ńtírákì. Ẹgbẹ́ tó ń ṣojú wọn ni ALPA, láti May 2021 ni wọ́n ti jókòó sídìí ẹ̀, nígbà tó fi máa di ìparí 2022 ọ̀rọ̀ ti di ti onílàjà ìjọba. Ní May 2023 wọ́n dìbò pé tó bá yá, ṣé kí àwọn olórí ẹgbẹ́ lè pàṣẹ ìyanṣẹ́lódì, 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní kí wọ́n lè pàṣẹ ẹ̀. Ibẹ̀ ni ariwo ti délé dóko. Àmọ́ ìbò yẹn ò dá ọkọ̀ kankan dúró, kò tiẹ̀ lè dá a dúró. Òfin tó de páílọ́ọ̀tì lọ́hùn-ún, òfin àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti 1926 ni, wọ́n fà á kan ọkọ̀ òfuurufú ní 1936. Kọ́ńtírákì wọn kì í kú lábẹ́ òfin yìí, tí àsìkò ẹ̀ bá tó wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí tuntun, ti àtijọ́ á ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ títí wọ́n á fi fọwọ́ sí òmíì, kódà tó bá gba ọdún mélòó kan. Àfi tí ìgbìmọ̀ onílàjà bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó ti tán, pé òun tú wọn sílẹ̀, wọ́n á tún fi ọgbọ̀n ọjọ́ dúró kára tutù, lẹ́yìn ìyẹn ààrẹ ṣì lè gbé ìgbìmọ̀ míì kalẹ̀ kí ìdúró tún gùn sí i. Mama, ASUU kọ́ nìyẹn o. ASUU ti ilé ẹ̀kọ́ pa fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, wọn ò tọrọ àyè lọ́wọ́ onílàjà kankan.

FedEx àtàwọn páílọ́ọ̀tì ẹ̀ tiẹ̀ fẹnu kò lórí ìwé kan ní June 2023, owó àwọn páílọ́ọ̀tì fẹ́ fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún gun òkè. Nígbà tí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní July, 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níbí á ní ojúkòkòrò ni, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wà ńbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ wà ńbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n wà lẹ́yìn wọn rèé: nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Colgan tó ń gbé èrò já nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà ní 2009, tí èèyàn 50 kú, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun lórí ìsinmi páílọ́ọ̀tì, pé kí wọ́n ní wákàtí mẹ́wàá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, kí àyè oorun wákàtí mẹ́jọ wà nínú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2014. Wọ́n yọ páílọ́ọ̀tì kágò kúrò nínú ẹ̀! Àwọn tó ń fi òru ṣiṣẹ́ jù gan-an. Bẹ́ẹ̀ kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní August 2013, ọkọ̀ ẹrù UPS kan ti já ní Birmingham ní Alabama kílẹ̀ tó mọ́, àwọn méjèèjì tó wà á kú, àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ sì dárúkọ rírẹ̀ mọ́ ohun tó fà á. Ìsinmi tí òfin ò fún wọn, inú kọ́ńtírákì nìkan ni wọ́n ti lè rí i. Ẹ wá ní kí wọ́n sáré fọwọ́ sí i? Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ tún wo èyí. Lọ́dún 2023 yẹn kan náà, FedEx fúnra ẹ̀ ló ń sọ pé páílọ́ọ̀tì òun ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ó ń júwe PSA fún wọn, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé èrò fún American Airlines, pé ẹni tó bá wù kó lọ síbẹ̀. Níbi tí páílọ́ọ̀tì ti ṣẹ́ kù nílẹ̀, ẹrù èmi nìkan ni ò rí ẹni wà á? (Ẹ má sọ pé mi ò sọ ọ́ o, ẹrù UPS dúró rí fún ọjọ́ 15 ní August 1997. Àwọn awakọ̀ orí ilẹ̀ àtàwọn tó ń ya ẹrù ló yanṣẹ́ lódì nígbà yẹn, páílọ́ọ̀tì kàn bá wọn dúró ni.)

Ká padà sí Takie. Èmi ò tiẹ̀ nílò gbogbo ìyẹn láti mọ̀ pé irọ́ ni, nọ́ńbà wọn ti sọ ọ́: FedEx ò tíì rí ẹrù gbà. Páílọ́ọ̀tì tí wọn ò tíì gbé ẹrù fún, báwo ló ṣe fẹ́ dá a dúró? Nígbà tí mo fi fóònù han ọ̀gá yẹn ló tó wálẹ̀, ó ní ẹrù ò tíì pé ni, pé ṣe ni àwọn ń kó ẹrù oníbàárà jọ sí stóòrù àwọn ní Èkó kí àwọn tó gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí iye tí wọ́n ń gbà lórí kílò máa ń wálẹ̀ tó bá pọ̀. Kò burú! Ọ̀pọ̀ akóẹrù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ká ní wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá san owó pọ́ọ́kú kí n fọkàn balẹ̀. Owó kíákíá lẹ gbà, iṣẹ́ ẹ-jẹ́-ká-dúró-ná lẹ ṣe, ẹ wá lọ ti ọ̀ràn sí ẹni tó ń fi òru gbé ẹrù lọ́rùn.

Lẹ́yìn ariwo ọjọ́ yẹn, nọ́ńbà mi jí. Ẹrù wọ ọwọ́ FedEx ní Ìkejà, kò sì pẹ́ rárá tí àbúrò mi fi ṣe fídíò àmàlà sí mi. Páálí ò fọ́, ata ò dà sórí aṣọ òkè, sẹ́lótéèpù ọmọbìnrin yẹn ṣì wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe lẹ̀ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ọmọbìnrin yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó di ẹrù yín, ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí ẹrù máa kúrò ní stóòrù Èkó, kí wọ́n kọ ọ́ sí ara risíìtì kẹ́ ẹ tó ka owó sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní páílọ́ọ̀tì ló yanṣẹ́ lódì, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rí nọ́ńbà ẹrù yín. Èmi fún wọn ní mẹ́ta nínú márùn-ún. Mo ti ní kí wọ́n dá ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó kíákíá àti owó pọ́ọ́kú padà fún mi, ọ̀gá ní òun máa pè mí, tó bá pè mí tí álàátì sì wọlé, màá wá sún un sí mẹ́rin.